Dikóódà inú ẹ̀rọ àbí dikóódà tó dá dúró? Ẹ̀yìn amplifier yín ni ìdáhùn wà

Kí ẹ tó jáde lọ sí Ọláìyá tàbí Ọjà Ọba ní Òṣogbo níbí lọ ra dikóódà ohùn ayíniká, ẹ kọ́kọ́ fa ẹ̀rọ tó ń gbé sípíkà yín síta, ẹ tan iná fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ ka ihò tó wà níbẹ̀. Ihò yẹn ló máa sọ irú dikóódà tó yẹ yín, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára páálí, kì í sì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á. (Dikóódà tí mò ń wí kì í ṣe ti DStv tàbí GOtv o. Èyí tó ń pín ohùn fíìmù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni.)

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le rárá láti yé èèyàn. Fíìmù tí wọ́n ṣe ohùn rẹ̀ ní 5.1 ní ọ̀nà mẹ́fà: ọ̀tún, òsì àti àárín níwájú, méjì lẹ́yìn, ìkẹfà, tí wọ́n ń pè ní .1, jẹ́ ti wúfà nìkan. Wọ́n di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìdì kan kó lè gba inú wáyà kan kọjá. Ẹ rò ó bí ẹran Iléyá tí wọ́n kó sínú àpò kan: ẹnì kan gbọ́dọ̀ tú u, kó mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá àgbà, èyí tó jẹ́ ti ará ilé, èyí tó jẹ́ ti aládùúgbò. Dikóódà ni apínran yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó pín ẹran kọ́ ló ń gbé e dé ilé olúkúlùkù. Amplifier ló ń ṣe ìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀.

Ìdì tó gbajúmọ̀ jù ni Dolby Digital, tí wọ́n tún ń pè ní AC-3, tó wọ sinimá ní 1992, àti DTS tó tẹ̀ lé e ní 1993. DVD ló kó méjèèjì wọ pálọ̀. Lẹ́yìn náà ni Blu-ray gbé Dolby TrueHD àti DTS-HD Master Audio dé. Netflix ń lo Dolby Digital Plus. Dolby Atmos, tó ń fi ohùn sí òkè orí ẹni, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ní 2014. Ẹ fi àwọn orúkọ yìí sọ́kàn, a máa bá wọn pàdé.

Ohun tí ẹ ń rà gan-an

Dikóódà inú ẹ̀rọ ni èyí tó ti wà nínú receiver AV (amplifier ilé tí a ń so TV, DVD àti sípíkà mọ́), nínú home theatre oníDVD tàbí nínú soundbar (sípíkà gbọọrọ tí wọ́n ń gbé sábẹ́ TV). Ẹ̀rọ kan náà ló ń tú ìdì, òun náà ló ń mú sípíkà dún. Ẹ so TV mọ́ ọn, ẹ so sípíkà mọ́ ọn, ó parí.

Èyí tó dá dúró sábà máa ń jẹ́ àpótí kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: ihò optical (ti wáyà tó ń gbé ìmọ́lẹ̀) àti coaxial (ti wáyà oníbàbà) fún ohùn tó ń wọlé, ihò RCA mẹ́fà (ihò róbótó bíi ti wáyà pupa àti funfun) fún èyí tó ń jáde, àti ṣájà 5V bíi ti fóònù. Àwọn èèyàn a máa yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Ibo ni wáyà sípíkà ń wọ̀ lára rẹ̀?" Kò sí níbẹ̀. Ohùn tó ń jáde lára rẹ̀ kéré gan-an. Amplifier ọlọ́nà mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ gbà á kó tó lè ti sípíkà. Bí amplifier yẹn ò bá sí nílé, owó dikóódà náà ti wọgbó.

Ó tún ní irú tó dá dúró tí àwọn olówó ń rà, àpótí dikóódà ńlá kan pẹ̀lú amplifier ńláńlá lẹ́yìn rẹ̀. Ó dára o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ìyẹn ti ní ẹni tó ń gbà á nímọ̀ràn.

Ẹ̀rọ "5.1" tí kò ní dikóódà nínú

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Home theatre tó kún orí àtẹ jù báyìí kì í ṣe oníDVD mọ́. Àwọn oníwúfà ńlá ni, sípíkà kéékèèké márùn-ún, Bluetooth, USB, rédíò FM, iná aláràbarà tó ń jó lójú wúfà. Wọ́n kọ 5.1 gàdàgbà sára páálí. Òótọ́ ni pé sípíkà mẹ́fà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kò ní dikóódà Dolby tàbí DTS rárá. Wọ́n kàn ń gba ohùn ọlọ́nà méjì láti orí Bluetooth tàbí wáyà pupa àti funfun, wọ́n á sì dà á sí gbogbo sípíkà bákan náà ni. Mọ́tò tó yẹ kó ti ẹ̀yìn yín kọjá á máa kọjá níwájú àti lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń pariwo, ó sì dùn lọ́jọ́ ìkómọ, àmọ́ kì í ṣe ohùn ayíniká.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ihò mẹ́fà bá tò síbẹ̀ tí wọ́n kọ FL, FR, C, SL, SR àti SW (iwájú òsì, iwájú ọ̀tún, àárín, ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún àti wúfà) sí wọn lára, ẹ̀rọ yẹn ń dúró de dikóódà. Àpótí kékeré tí mo ṣàpèjúwe lẹ́ẹ̀kan, wáyà optical kan láti TV àti wáyà RCA mẹ́fà ló kù, òun náà á sì máa pín ohùn bó ṣe yẹ. Kò sí ibòmíràn tí dikóódà tó dá dúró ti wúlò tó báyìí, torí owó tí ẹ máa san kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó receiver. Bó bá jẹ́ ihò pupa àti funfun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí dikóódà tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi gbọ́ orin, kí ẹ sì tọ́jú owó yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni receiver tòkunbọ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn máa ń ní ihò mẹ́fà tí wọ́n kọ "5.1 INPUT", "MULTI CH IN" tàbí "EXT IN" sí lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀ níwájú kí ẹ tó ra àpótí kankan fún un. Bó bá jẹ́ "Dolby Digital" ni wọ́n kọ síbẹ̀, láìsí "Ready" lẹ́yìn rẹ̀, dikóódà ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn, wáyà optical nìkan ló ń dúró dè. Bó bá jẹ́ "Dolby Pro Logic" nìkan, ìyẹn ti ayé àtijọ́, tó ń fa ohùn ẹ̀yìn yọ láti inú ohùn ọlọ́nà méjì. Kò lè tú ìdì Dolby Digital. Irú receiver báyìí, tó bá ní ihò mẹ́fà yẹn, yẹ fún dikóódà tó dá dúró, torí agbára rẹ̀ àti transformer inú rẹ̀ sábà máa ń ju ti ẹ̀rọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tà báyìí lọ.

Ibì kan tún wà tí èèyàn kì í rántí wò: DVD àtijọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì. Bí ihò ohùn mẹ́fà bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní dikóódà nínú tirẹ̀. Àwo tí a bá fi sínú rẹ̀ nìkan ló máa ń tú ṣá, kò lè tú ohun tó ń bọ̀ láti orí TV.

Àpótí méjì tó jọra

Àpótí kan wà lọ́jà tó jọ dikóódà bí ìbejì: ihò optical wà lára rẹ̀, ṣájà 5V náà wà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti dikóódà. Ìyàtọ̀ ni pé ihò ìjáde méjì péré ló ní, pupa àti funfun. Ìyẹn kì í ṣe dikóódà ohùn ayíniká. Ohùn PCM ọlọ́nà méjì, ìyẹn ohùn tí wọn kò dì, nìkan ló mọ̀. Bí TV bá fi Dolby Digital ránṣẹ́ sí i, á dákẹ́ lọ gbári, tàbí kó máa pariwo ṣáà bíi rédíò tí kò sí lórí ilé iṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá ti rà á lè yí ohùn TV sí PCM kó lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀yìn ti lọ nìyẹn. Ẹ ka ihò ìjáde: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́fà, tàbí ihò jáàkì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ọ̀nà méjì. Ẹ sì rí i pé wọ́n kọ AC-3 àti DTS sí i lára.

Níbi tí dikóódà inú receiver ti ń na èkejì

Ti wúfà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ, torí òun ni àwọn èèyàn máa ń fi kàn mí jù. "Ẹ̀gbọ́n, látìgbà tí mo ti so dikóódà yẹn, wúfà mi ò dún mọ́ tí mo bá ń wo ìròyìn." Kò bàjẹ́. Àpótí kékeré yẹn sábà máa ń fi ohun tó wà ní ọ̀nà .1 nìkan ránṣẹ́ sí wúfà. Ìròyìn, orin, fíìmù ọlọ́nà méjì, kò sí .1 nínú wọn, torí náà wúfà á jókòó lásán. Receiver kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè sọ fún un pé sípíkà yín kéré, á sì gba ohùn ilẹ̀, ohun tó bá wà lábẹ́ bíi 80 Hz, lọ́wọ́ sípíkà márààrún, kó dà á sọ́dọ̀ wúfà. Sípíkà tí kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ kò lè gbé ìlù bàtá, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é. Ẹni tó bá ń lo àpótí kékeré á máa yí rìmóòtù home theatre padà sí AV tàbí Bluetooth nígbà orin, kó padà sí 5.1 nígbà fíìmù. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ lọ kọ́ ìyá àgbà ní ìyẹn kí n rí.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀nà jíjìn. Nínú pálọ̀ tí àga kan ìgànná ẹ̀yìn, bó ṣe wà ní ọ̀pọ̀ ilé lójú Àyétòrò àti Òkè-Baálẹ̀, sípíkà ẹ̀yìn lè wà ní mítà kan péré sí etí, kí ti iwájú wà ní mítà mẹ́ta. Ohùn ń rìn bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ti ẹ̀yìn á fi bíi ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ṣíwájú. Ó kéré lóòótọ́, etí sì mọ̀ ọ́n: ohùn ẹ̀yìn á máa fa etí mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Receiver máa ń jẹ́ ká kọ iye mítà sí i, tàbí kó bá wa wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ pẹ̀lú máíkì kékeré tó bá a wá. YPAO ni Yamaha ń pe tirẹ̀, MCACC ni ti Pioneer. Àpótí kékeré kò mọ ibi tí ẹ jókòó sí. Ohun tó ṣẹ́ kù ni pé kí ẹ dín ohùn ẹ̀yìn kù lórí amplifier, kí ẹ sì gbé sípíkà ẹ̀yìn ga sókè.

Fíìmù Yorùbá wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń wò lórí YouTube, ọ̀nà méjì ni ohùn wọn. Dikóódà tó dára jù láyé kò lè pín ohun tí wọn kò dì. Ṣùgbọ́n receiver ní Dolby Pro Logic II, tó jáde ní 2000, tàbí irú rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Á gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sí sípíkà àárín, á sì fa díẹ̀ lára ariwo àyíká sẹ́yìn. Fún ilé tí YouTube ti ń ṣiṣẹ́ ju àwo lọ, ìyẹn nìkan tó láti fi yan receiver. Púpọ̀ nínú àwọn àpótí kékeré ni kò ní i.

Wáyà ló kù. Optical àti coaxial kò lè gbé ju Dolby Digital àti DTS lásán lọ. TrueHD, DTS-HD Master Audio, Dolby Digital Plus, kò sí èyí tó ń gba ibẹ̀ kọjá. HDMI ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín jù, torí ọ̀pọ̀ TV máa ń sọ Dolby Digital Plus ti Netflix di Dolby Digital kó tó tì í sínú optical, àwo Blu-ray náà sì máa ń ní Dolby Digital tàbí DTS lásán nínú fún ẹ̀rọ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lá àlá Atmos kó gbàgbé àpótí kékeré. HDMI ARC, tó dé ní 2009, lè gbé Dolby Digital Plus pẹ̀lú Atmos inú rẹ̀ láti TV lọ sí receiver. eARC, tó dé ní 2017, ló ń gbé TrueHD. Ẹ tún ṣọ́ TV fúnra rẹ̀: àwọn kan kì í jẹ́ kí DTS kọjá, títí kan ọ̀pọ̀ Samsung tí wọ́n ṣe láti 2018. Ẹ̀bi dikóódà kọ́ nìyẹn.

Iná àti àrá

Òṣogbo níbí ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, ìyẹn ò sì ní kó má lọ kó tún padà bọ̀ pẹ̀lú ipá. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, dikóódà tó dá dúró ní àǹfààní kan tí mo fẹ́ràn. Wáyà optical, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà á kọjá, kì í ṣe iná mànàmáná. Nígbà òjò, bí àrá bá gba díìṣì wọ inú àpótí DStv, ó lè gba HDMI dé ara TV, kó sì tún gba HDMI dé ara receiver. Kò lè gba optical. Hùn-ùn tó máa ń dún lábẹ́ ohùn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, òun náà sábà máa ń dín kù. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́: receiver náà ní ihò optical. Bó bá jẹ́ DStv àti DVD nìkan lẹ ń wò, ẹ lè fi optical so ó, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ àrá tó ń gba díìṣì wọlé.

Tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà ń jẹ 120V, ti Japan ń jẹ 100V, tiwa jẹ́ 230V. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lórí inverter, dikóódà kékeré kò jẹ nǹkan kan, amplifier tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jẹun.

Àtúnṣe kò gùn láti sọ. Atúnrédíòṣe tó dáńtọ́ lè pààrọ̀ transistor amplifier ní ìrọ̀lẹ́ kan. Bó bá jẹ́ pátákó dikóódà tàbí HDMI inú receiver ló jóná, ẹ máa wá tòkunbọ̀ mìíràn tí wọ́n máa tú pátákó lára rẹ̀. Ti àpótí kékeré, ẹ jù ú nù kí ẹ ra òmíràn, amplifier yín á ṣì wà. Home theatre oníDVD ló burú jù nínú gbogbo wọn, torí bí àárín rẹ̀ bá kú, sípíkà rẹ̀ lè di òkú pẹ̀lú rẹ̀: ìdí wáyà wọn kì í bá ẹ̀rọ mìíràn mu, wúfà wọn pàápàá sábà máa ń gba agbára láti ara ẹ̀rọ náà.

Ta ni kó ra kí ni?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí kò ní nǹkan kan nílé: receiver ni, tuntun tàbí tòkunbọ̀ tó ní HDMI ARC. Kó má ra dikóódà lọ́tọ̀ rárá. Bí owó ò bá tó, kó fi sípíkà iwájú méjì bẹ̀rẹ̀ lórí receiver náà, kó máa fi ìyókù kún un. Ayálégbé tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀, tí onílé kì í fẹ́ kí wọ́n lu ìgànná: soundbar tó ní wúfà á tẹ́ ẹ lọ́rùn ju wáyà sípíkà tó ń gba abẹ́ rọ́ọ̀gì kọjá.

Ẹni tó ti ní ẹ̀rọ ihò mẹ́fà: dikóódà tó dá dúró, láìro ó lẹ́ẹ̀mejì, bí ó bá ti gbà pé wúfà á máa sinmi nígbà ìròyìn.

Onílé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo máa ń bá jiyàn jù. Ó ti ní amplifier ńlá àti sípíkà onígi gíga, ó fẹ́ kí ariwo pápá yí àwọn èèyàn ká. Fún un, èyí tó dá dúró ló mọ́gbọ́n dání: Explora, àpótí DStv, ní optical lẹ́yìn, wọ́n sì máa ń fi Dolby Digital gbé àwọn bọ́ọ̀lù kan wá. Àpótí kékeré á pín in sí àwọn amplifier tó ti ní, kò ní láti ra receiver tí agbára rẹ̀ kò ní tó gbọ̀ngàn. Kó kàn rí i pé ọ̀nà àárín, níbi tí ohùn asọ̀rọ̀ wà, ní amplifier àti sípíkà tirẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ariwo àwọn èrò ìwòran nìkan ni wọ́n á máa gbọ́, wọn kò ní gbọ́ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ mú àwo DVD tí wọ́n kọ Dolby Digital 5.1 sí lẹ́yìn dání lọ sọ́jà. Ẹ má fi YouTube dán an wò, ọ̀nà méjì ló sábà ń gbé wá. Ẹ wá apá ibi tí òjò ti ń rọ̀ tàbí tí mọ́tò ti ń sáré, kí ẹ lọ dúró ti sípíkà ẹ̀yìn, kí ẹ gbé etí sí i. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ń jáde níbẹ̀ kedere bíi ti iwájú, kò pín nǹkan kan. Bí ẹni tó ń tà á bá sì ní kò sí iná láti fi dán an wò, ẹ sọ fún un pé ẹ máa padà wá nígbà tí iná bá dé.